"Kò Sí Níbí, Ẹ Lọ Rà Á Níta": Ọ̀nà Tí Olè Ń Gbà Wọ Ilé Ìwòsàn Ìjọba àti Bí A Ṣe Lè Dí I

 

Gbólóhùn kan wà tó ṣòro kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ pé òun kò gbọ́ ọ rí lójú fèrèsé yàrá òògùn: "Kò sí níbí, ẹ lọ rà á níta." Ìyàwó ń rọbí lọ́wọ́, wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ lọ wá ìbọ̀wọ́, dríìpù, òwú àti abẹ́rẹ́ wá. Ó bọ́ síta lóru, ó rí kẹ́míìsì kan tó ṣì tanná, ó san iyekíye tí wọ́n pè. Kò ná ọjà, nítorí ẹni tí ẹ̀mí aya rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ná ọjà. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó ohun tó lọ rà yìí ti wà nínú ìwé ìṣúná láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ti san án lẹ́ẹ̀kan nínú owó orí, ó tún wá san án lẹ́ẹ̀kejì lójú títì.

Níbo ni òògùn náà gbà lọ? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi àkókò tí ẹ fún mi dáhùn, nítorí bí a kò bá mọ ibi tó gbà lọ, a kò ní mọ ibi tó yẹ ká dí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èrò ọkàn mi: ibi tí olè wà kọ́ là ń wò. Nọ́ọ̀sì tó gba 500 náírà lọ́wọ́ aláìsàn ni inú ń bí wa sí, òun là ń fi fóònù ká mọ́. Ohun tó ṣe kò dára, n kò gbè é. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì yẹn tó jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, olè ńlá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Kò fọ́ ilẹ̀kùn, kò gbé ìbọn. Ó kọ̀wé, ó buwọ́ lù ú, ó fi òǹtẹ̀ sí i. Olè inú ìwé ni, inú ìwé náà la sì ti lè dá a dúró kí owó tó kúrò níbi tó wà. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo bá wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ká máa lé aláǹgbá kiri.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Gúúsù Áfíríkà, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fi gbogbo ọgbọ́n olè náà hàn kedere. Ilé ìwòsàn ìjọba kan wà ní Tembisa, ní ìpínlẹ̀ Gauteng tí ìlú Johannesburg wà. Lábẹ́ ìlànà wọn nígbà náà, bí ọjà tí ilé ìwòsàn fẹ́ rà kò bá ju 500,000 rand lọ, kò di dandan kí wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo oníṣòwò. Kí wọ́n béèrè iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí wọ́n mú ọ̀kan, ó tó. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n rà. Wọ́n ra ṣòkòtò jíǹsì ọmọbìnrin 200, irú èyí tó ń fún mọ́ni lára, ní iye tó fi díẹ̀ dín ní 500,000 rand. Wọ́n ra àga aláwọ 100 ní nǹkan bí iye kan náà. Ilé ìwòsàn ni mo ń sọ o. Kò sí àìsàn tí ṣòkòtò jíǹsì ń wò. Ẹni tó kọ ìwé náà kò tilẹ̀ wo ohun tó ń kọ. Ààlà owó nìkan ló ń wò, kó má ṣáà ti kọjá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọjú sí i.

Obìnrin kan rí i. Babita Deokaran lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá àgbà ni nínú àwọn tó ń bójú tó ìṣirò owó ní ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ náà. Owó tí ara fu ú sí tó mílíọ̀nù 850 rand, ó sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n dá owó kan dúró ná. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2021, bó ṣe gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé ìwé tó padà dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n da ìbọn bò ó. Ó kú lọ́jọ́ náà. Ní 2023 àwọn ọkùnrin 6 gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn lọ́wọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ̀wọ̀n jura. Ìdájọ́ náà kò kan ẹni tó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àjọ ìwádìí ìjọba wọn tí wọ́n ń pè ní SIU kéde pé owó tó bá ìwà àjẹbánu lọ ní Tembisa nìkan lé ní bílíọ̀nù 2 rand. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín: ẹni tó ń jí 500,000 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mélòó ló máa jí kó tó pé bílíọ̀nù 2? Ìwé kéékèèké tí kò sẹ́ni tó bìkítà fún ni wọ́n fi kó o.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ilẹ̀ ibòmíràn nìyẹn. Gígé kọńtíráàtì ńlá sí wẹ́wẹ́ kó má bàa kọjá ààlà owó kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí Òfin Ìrajà Ìjọba tí Nàìjíríà ṣe ní 2007 fi dárúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá jẹ̀bi rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló kéré tán, kò sí pé kó san owó ìtanràn dípò, wọn yóò sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òfin tó le ni. Ṣùgbọ́n òfin tó le kò ṣe àǹfààní fún aláboyún bí a kò bá rí ìwé tí wọ́n gé náà. Ẹni tó bá tò wọ́n síwájú ara wọn lórí tábìlì, tó rí i pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n buwọ́ lu mẹ́rin, pé iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, pé iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n ní àdírẹ́sì kan náà, kò nílò pé kó jẹ́ ọlọ́pàá kó tó mọ̀.

Ibi tí olè ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ṣáájú ibẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí wọ́n bá ń kọ ohun tí ilé ìwòsàn nílò. Ta ló sọ pé a nílò rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, tó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé ìtọ́jú aláìsàn wá sí ìgbèríko, mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ní àsìkò rẹ̀ ni wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ àwọn òògùn kòṣeémánìí fún orílẹ̀-èdè yìí, tí òfin 1989 sì kín in lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ àwọn dókítà nìkan ni ìwé yẹn wà fún. Lójú tèmi, ọgbà ló jẹ́ tí wọ́n ṣe yí owó wa ká. Bí òògùn tí wọ́n fẹ́ rà kò bá sí nínú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á ní láti ṣàlàyé. Bí wọ́n bá sì kọ orúkọ ìpìlẹ̀ òògùn dípò orúkọ tí iléeṣẹ́ kan sọ ọ́, àwọn oníṣòwò púpọ̀ á lè du ọjà náà, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí ìwé ìrajà tó kọ orúkọ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, tó tún ṣàpèjúwe àwọ̀ páálí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti mọ ẹni tí yóò jẹ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó kéde rẹ̀.

Ẹ wo àwọn òògùn tí wọ́n ń dáná sun torí pé ọjọ́ wọn ti kọjá. À ń pè é ní àìbìkítà. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rà á torí pé ẹnì kan fẹ́ tà á, kì í ṣe torí pé aláìsàn kan fẹ́ lò ó.

Láti orí ìwé ìṣúná dé ibi tí owó ti ń jáde, ihò ńlá wà níbẹ̀ náà. Ẹ ó rántí oṣù kẹwàá ọdún 2017, nígbà tí ìyàwó Ààrẹ ìgbà náà, Aisha Buhari, fúnra rẹ̀ pariwo pé ilé ìwòsàn tó wà nínú Aso Rock kò ní sírínjì. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìṣúná 2016 ti ya ohun tó ju bílíọ̀nù 3 náírà sọ́tọ̀ fún ibẹ̀. Àwọn aláṣẹ fèsì pé kì í ṣe gbogbo owó tó wà lórí ìwé ló wọlé. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ará ìta tó lè mọ̀. Bí ìyàwó Ààrẹ kò bá lè mọ ibi tí owó sírínjì ilé tó ń gbé wọlẹ̀ sí, báwo ni Ìyá Ṣadé tó ń ta èlùbọ́ yóò ṣe mọ ti ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ̀? Owó tí wọ́n pín lórí ìwé, owó tó jáde ní tòótọ́, àti ọjà tó dé sítọ́ọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó wà lójú kan náà, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òògùn ayédèrú, nítorí ibẹ̀ ni ìwà àjẹbánu ti ń pààyàn ní tààràtà. Ní 1990, ó ju 100 ọmọ lọ tó kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n lo parasitamó olómi. Kẹ́míkà tí wọ́n fi pò ó kì í ṣe èyí tó yẹ. Diethylene glycol ni, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀. Ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọdún 3 lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n dá NAFDAC sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti òògùn. Síbẹ̀, láti ìparí 2008 wọ 2009, kẹ́míkà kan náà tún pa ọmọ 84, nínú òògùn eyín ọmọdé tí wọ́n pè ní My Pikin. Ọdún 18 ló wà láàárín méjèèjì. Ní 2013 ilé ẹjọ́ rán òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà 2 lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7. Ìdájọ́ òdodo ni, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan ṣoṣo tó jí dìde nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yẹ kẹ́míkà náà wò ní láàbù kí wọ́n tó dà á sínú ìkòkò, àyẹ̀wò tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ì bá ti di àgbà báyìí.

Ẹni tí a mọ̀ jù nínú àwọn olórí NAFDAC ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili. Àbúrò rẹ̀ tó ní àìsàn àtọ̀gbẹ kú ní 1988 torí abẹ́rẹ́ insulin ayédèrú. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní PTF, wọ́n fún un ní £17,000 pé kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò nílò iṣẹ́ abẹ kankan. Ó dá £12,000 tó kù padà. Ìtàn yìí ló dé etí Ààrẹ Ọbásanjọ́ kó tó fi í ṣe olórí NAFDAC ní 2001. Ní oṣù kejìlá 2003 wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀, ọta ìbọn gba gèlè rẹ̀ kọjá. Gbogbo wa la ń yìn ín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra, kí ìyìn yẹn má mú wa gbà pé ẹni mímọ́ kan la ń retí. Ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹni mímọ́ bá jókòó síbẹ̀ nìkan ló ń rí òògùn, kò ní rí òògùn lọ́jọ́ tí ẹni náà bá fẹ̀yìn tì.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Wọ́n ní kí àwọn iléeṣẹ́ òògùn tẹ nọ́ńbà kan sára páálí, kí wọ́n bò ó. Ẹni tó rà á á họ ojú ibẹ̀, á fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì dá a lóhùn bóyá òògùn gidi ni. Ẹni tó ń ra òògùn ló di olùyẹ̀wò. Olè lè fún olùyẹ̀wò ìjọba kan ní rìbá. Kò lè fún gbogbo ìyá ọlọ́mọ ní Nàìjíríà.

Ẹ bá mi wọ sítọ́ọ̀ wàyí. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé káàdì kan máa ń wà fún òògùn kọ̀ọ̀kan: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù, ọjọ́ rẹ̀, ẹni tó gbà á. Káàdì yìí kò níyì lójú ẹni, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ. Bí káàdì bá sọ pé páálí òògùn ibà 400 jáde lóṣù yìí, tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ sì sọ pé aláìsàn ibà 90 ni dókítà kọ ọ́ fún, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sí ẹni tó nílò kó ṣépè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ìwé méjèèjì kì í pàdé. Ọ̀kan wà lábẹ́ àpótí akọ̀wé sítọ́ọ̀, ọ̀kan wà lọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú fáìlì, ọ̀gá tó yẹ kó pa wọ́n pọ̀ kò sì pè fún wọn.

Àkọsílẹ̀ ìlera pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ olè. Ní 2016, olùyẹ̀wò àgbà àjọ Global Fund, àjọ tó ń fún wa lówó láti gbógun ti HIV, ikọ́ ife àti ibà, jábọ̀ pé láàárín 2010 sí 2014, ó ju mílíọ̀nù 3.8 dọ́là lọ tí wọ́n kó jẹ ní ẹ̀ka kan nínú iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera. Ẹ̀ka tó ń bójú tó ètò, ìwádìí àti ìṣirò ni. Owó tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìlera tó péye, àkọsílẹ̀ irọ́ ni wọ́n fi jí i. Ìròyìn yìí bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ti àwọn owó tó pọ̀ jù ú lọ, torí pé ojú tí à bá fi rí olè ni wọ́n fọ́.

Kí wá ni agbára tí ará ìlú ní? Ó ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òfin Ìrajà Ìjọba ti 2007 yẹn sọ pé kí wọ́n pe ẹni méjì láti ìta wá wo ìlànà ìrajà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ náà, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ó sọ pé ìwé ìrajà tí kì í ṣe àṣírí ìjọba gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, kó ṣáà ti san owó ẹ̀dà. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 péré láti dá lẹ́tà yín lóhùn, ní oṣù kẹrin 2025 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Àìpé kan wà: Òfin Ìrajà 2007 kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀, bí Èkó ti ṣe ní 2011. Bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Ti àdúgbò tilẹ̀ rọrùn jù. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán 1% nínú àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ọdún 4 kọjá kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi sínú ìṣúná, bílíọ̀nù 55 náírà, ní 2018. Ìdá 20% nínú rẹ̀ ni òfin náà yà fún òògùn kòṣeémánìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ohun èlò nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: èló ló wọlé wá sí tiwa, kí la fi rà, èló la rà á? Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà gàdàgbà gadagba, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí àwọn aláboyún ń jókòó sí. Ẹ wá ṣe àfiwé pẹ̀lú wọ́ọ̀dù kejì. Ibi tí páálí kan náà bá ti di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ wádìí.

Wọ́n á sọ fún yín pé owó oṣù kékeré ló ń mú òṣìṣẹ́ jalè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: nọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ ní owó oṣù mẹ́rin, sítọ́ọ̀ tó ń ṣọ́ kò lè ṣàìjò. Kí ìjọba san owó wọn lásìkò. Ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló ń pa àwọn tó ń gé kọńtíráàtì, ebi kọ́ ló sì ń pa dókítà tó ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ láàbù aládàáni tó ń darí aláìsàn lọ nígbà tí ẹ̀rọ ìjọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó rí i ló kù. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, akọ̀wé kan, apòògùn kan, ayẹ̀wéwò kan ló kọ́kọ́ ń rí i. Ní oṣù kejìlá 2016 ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde pé ẹni tó bá tú àṣírí owó tí wọ́n jí, bí wọ́n bá rí owó náà gbà padà, yóò gba láti 2.5% sí 5% nínú rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ìlànà ni, kì í ṣe òfin. Kì í ṣe ẹ̀bùn ni akọ̀wé sítọ́ọ̀ ń rò lóru. Ó ń rò pé wọ́n á gbé òun lọ sí ibi tó jìnnà sí ọmọ òun, wọ́n á dá owó oṣù òun dúró, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á máa sá fún òun. Deokaran kò wá ẹ̀bùn. Kí wọ́n dá owó dúró ló ní kí wọ́n ṣe.

Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ wà níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ yìí pé òṣìṣẹ́ ìlera tó bá kọ̀wé lórí ọjà tí kò mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ títí ìwádìí yóò fi parí, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè. Ẹ kọ ọ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá tó buwọ́ lu ọjà náà kọjá. Ẹ kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà bá ti wọlé, owó ọjà yẹn kò ní jáde. Kí ẹ sì kà á ní ìgbà àkọ́kọ́ kí ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ tó dé iwájú yín.